504 àti Micra Lójú Ọ̀nà Èkìtì

Ní Adó-Èkìtì, bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ bá délẹ̀ láàárín àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, orúkọ Peugeot 504 kì í pẹ́ jáde lẹ́nu wọn. Wọ́n á ní ọkọ̀ gidi nìyẹn, pé ó gun òkè Ẹ̀fọ̀n láìmí hẹlẹ, pé ó bọ́ sí kòtò ó sì jáde bí ẹni pé kò rí i, pé ó sin olówó rẹ̀ títí tí àwọn ọmọ fi jáde ilé ìwé gíga. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá bojú wo Nissan Micra tó ń kó èrò láàárín ìlú, wọ́n á ní ayé ti bàjẹ́ débi pé agolo ni gbogbo wa ń wọ̀ kiri. Ìdájọ́ yìí ti pẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi sẹ́ni tó ń bi í léèrè mọ́. Èmi kò sọ pé irọ́ ni ìyìn tí wọ́n ń fún 504. Ó tó bẹ́ẹ̀, ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ irin rẹ̀ nìkan kọ́ ló sọ ọ́ di ọba ọkọ̀ ní Èkìtì. Owó oṣù tó dé lásìkò, owó àyálò ìjọba, ilé-iṣẹ́ tó wà ní Kaduna àti àṣẹ àwọn ológun ló gbé e gẹṣin. Micra kò rí ẹni gbé e gẹṣin. Ìgbà tó ti gbó lọ́wọ́ òyìnbó ló tó dọ́dọ̀ wa, kò sí ìjọba tó yá ẹnikẹ́ni lówó láti rà á, síbẹ̀ iṣẹ́ tí 504 kò ṣe fún mẹ̀kúnnù rí ló ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé àwọn méjèèjì lé orí ìwọ̀n. Ọdún 1968 ni ilé-iṣẹ́ Peugeot ti ilẹ̀ Faransé mú 504 jáde, Pininfarina ará Ítálì ló sì bá wọn ya àwòrán ara rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1969, àwọn oníròyìn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní Yúróòpù fi í ṣe ọkọ̀ tó gbégbá orókè lọ́dún náà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.8 níbẹ̀rẹ̀ kó tó di lítà 2. Taya ẹ̀yìn ni agbára ẹ́ńjìnnì ń lọ, gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 4.5, ìwúwo rẹ̀ sì wà ní nǹkan bíi kílógíráàmù 1,200. Micra tó kún ìgboro lónìí, èyí tí Nissan gbé jáde ní 1992, tí wọ́n sì tò ní Sunderland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gùn ju nǹkan bíi mítà 3.7 lọ. Lítà 1.0 tàbí 1.3 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, taya iwájú ló ń fa ọkọ̀, ìwúwo rẹ̀ kò sì jìnnà sí kílógíráàmù 800. Ẹni tó bá ń fi agolo pe Micra kò ní mọ̀ pé òun náà gba oyè kan náà tí 504 gbà: ní 1993, òun ni wọ́n dé ládé ní Yúróòpù, kò sì sí ọkọ̀ Japan kan tó gba adé yẹn rí ṣáájú rẹ̀. Ọmọ oyè ni àwọn méjèèjì nígbà náà. Tẹ́ẹ bá sì wò ó dáadáa, Micra tí àwọn èèyàn ń pè ní ọkọ̀ ìsinsìnyí gan-an ti lé ní ogún ọdún. Ojú wa ló ṣì ń rí i bí ọmọdé.

Níbi eré sísá, 504 kò ní ẹgbẹ́ nínú ìjíròrò yìí, ó sì yẹ ká sọ bẹ́ẹ̀ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Ọkọ̀ eré ìje tí àwọn òyìnbó ń yangàn rẹ̀, èyí tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa họ ilẹ̀, kò ní ibi tó máa gbà ní Ìjerò tàbí Àrámọkọ. Nílẹ̀ Áfíríkà, ibi tí a ti ń mọ ọkọ̀ tó lè sáré ni ìdíje Safari ní Kenya, níbi tí amọ̀, òkúta àti eruku ti ń ṣe adájọ́. Peugeot 404, ẹ̀gbọ́n 504, gba ife ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọdún 1963 sí 1968. Ní 1975, Ove Andersson ará Sweden fi 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin gba ife náà. Ní 1978, Jean-Pierre Nicolas ará Faransé fi 504 onílẹ̀kùn méjì gbà á. Ọkọ̀ tí ọ̀gá ilé ìwé ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìyìn lọ́jọ́ Ìsinmi àti ọkọ̀ tó ń gba ife ní Nairobi, ìyá kan náà ló bí wọn. Ẹsẹ̀ tó rọ̀, tí ó sì ga kúrò nílẹ̀ ni àṣírí rẹ̀: sípíríǹgì rẹ̀ gùn, ó máa ń jẹ́ kí taya bá kòtò wọlẹ̀ láìjẹ́ kí ara ọkọ̀ bá a lọ. Micra kò ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀. Níbi tí mo ti yapa kúrò lára àwọn olùyìn 504 ni pé wọ́n gbà pé ẹsẹ̀ yẹn ló mú un wọ ilé wọn.

Kí 504 tó dé, ọkọ̀ ajagbé ni Èkìtì mọ̀ jù lọ. Kòkó ló fà á. Ọkọ̀ tí wọ́n fi pákó kan ara rẹ̀ ló ń kó kòkó lọ sísàlẹ̀, òun náà ló ń kó èèyàn bọ̀, bọ́lẹ̀kájà ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ kékeré jẹ́ ti ajẹ́lẹ̀, ti àlùfáà òyìnbó àti ti dókítà. Àwọn tó kọ́kọ́ yí èyí padà ni àwọn olùkọ́. Láti ọdún 1933 tí ilé ìwé Christ's School ti wà ní Adó, Èkìtì ti fi ẹ̀kọ́ ṣe oko àti ọjà. Ọmọ àgbẹ̀ tó bá kàwé yóò di olùkọ́, olùkọ́ tó bá rí já jẹ yóò ra ọkọ̀. Ọkọ̀ tó sì kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni Volkswagen ìjàpá. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò sí omi tí yóò hó lórí òkè. Ìyípadà ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí Nàìjíríà fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún, tún bọ́ sí i fún ọkọ̀ Jámánì àti ti Faransé, nítorí ọwọ́ òsì ni àwọn ará ibẹ̀ ti ń fi ìdarí ọkọ̀ wọn sí láti ilẹ̀ wá. Àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ fún apá òsì ọ̀nà di ohun tí ọjọ́ lọ lórí wọn lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ 504 ti wá di ti ọba ni àárín ọdún 1970 sí 1980, ó sì yẹ ká dúró díẹ̀ níbẹ̀. Epo rọ̀bì ti gbówó lórí láti 1973. Ìgbìmọ̀ Udoji dábàá àfikún owó oṣù ní 1974, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ 1975, owó tó ti ń gorí ara wọn bọ́ sí òṣìṣẹ́ ìjọba lápò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oṣù kẹta ọdún 1975 yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kaduna, oṣù yẹn náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà Badagry nílùú Èkó. Owó dé, ọjà dé. Ìjọba ológun wá fi àṣẹ kún un: lásìkò Ọbásanjọ́, wọ́n ní kí àwọn ọ̀gá ńlá ìjọba yé gun Mercedes lórí owó ìlú, kí wọ́n gba 504 tí wọ́n ń tò nílé. Báyìí ni ọkọ̀ tó jẹ́ ti ìwọ̀ntúnwọ̀nsì nílẹ̀ Faransé ṣe di ọkọ̀ kọmíṣọ́nnà nílẹ̀ wa. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú rẹ̀, àwọn ọmọ Èkìtì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Àkúrẹ́ wá sí Adó. Ẹni tí ipò rẹ̀ bá ti tó ni ìjọba ń yá lówó ọkọ̀, wọ́n á máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀, wọ́n á tún máa fún un ní owó ìtọ́jú ọkọ̀ lóṣooṣù. Ní 1982, ìjọba Adékúnlé Ajásin dá yunifásítì sílẹ̀ ní Adó, èyí tó di yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì lónìí. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ náà wọ inú ètò yìí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá rí 504 níwájú ilé kan ní Òkèsà tàbí Ìjìgbò nígbà náà, ohun tí ó ń kà lára rẹ̀ ni ipò ẹni tó ni ín. Iyì yẹn ti wà níwájú ilé náà kí ọkọ̀ tó dé; ọkọ̀ kàn wá jẹ́rìí sí i ni.

Ní gáréèjì, ọ̀nà mìíràn ni 504 gbà wọlé: èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tí wọ́n ń pè ní wágónù. Èèyàn méje ni Peugeot ṣe àga rẹ̀ fún, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lọ sí Èkó láti Adó mọ̀ pé èèyàn mẹ́sàn-án ló ń gbé, ẹrù sì wà lórí. Ó ń gba Ìyìn, Ìgèdè, Àrámọkọ àti Ìtawúrẹ́ bọ́ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tàbí kó gba Ìkẹ́rẹ́ bọ́ sí Àkúrẹ́. Òkè àti ìyípo ọ̀nà yẹn kò jẹ́ kí ọkọ̀ aláìlágbára pẹ́ níbẹ̀. Níbí ni àwọn mẹkáníìkì ti kọ́ iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì oníkabúrétọ̀ kò fi ohunkóhun pamọ́: ọmọ iṣẹ́ tó bá lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin lábẹ́ ọ̀gá yóò mọ bí wọ́n ṣe ń tú u palẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n nípa ohùn rẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń rọ ohun tí kò sí lọ́jà. Lára 504 ni ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì-bítà àti rẹwáyà ti rí ilé kọ́. Ohun rere gidi ni èyí, n ó sì padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1986 ni ilẹ̀ yẹ̀. Ìjọba Babangida sọ owó náírà sí ọwọ́ ọjà. Ní 1985, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ. Nígbà tó di 1987, náírà mẹ́rin ló ń lọ fún dọ́là kan. Ilé-iṣẹ́ Kaduna àti ti Èkó kò tíì máa rọ irin ẹ́ńjìnnì fúnra wọn. Inú àpótí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀ ti ń wá láti òkè òkun, dọ́là ni wọ́n sì fi ń sanwó rẹ̀. Iye ọkọ̀ gun òkè, owó oṣù dúró sísàlẹ̀. Kí àwọn ọdún 1990 tó parí, Volkswagen ti kógbá wọlé ní Èkó. Kaduna ń bá a lọ, kódà wọ́n ṣì ń to 504 níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 2000, nígbà tó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí àwọn ará Faransé fúnra wọn ti pa á tì. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkọ̀ náà kò yí padà, òkè Ẹ̀fọ̀n kò yí padà, kòtò tilẹ̀ pọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ agbára irin ló mú 504 wọ ilé olùkọ́ ní Adó, ìgbà tí ọ̀nà burú yìí ló yẹ kó pọ̀ jù lọ. Àmọ́ ìgbà yẹn gan-an ló pòórá níwájú ilé olùkọ́. Owó àyálò kò tó ra ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́, nígbà tó sì di 2003, ìjọba àpapọ̀ sọ ọ̀pọ̀ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ di owó lásán, wọ́n ta ọkọ̀ ìjọba fún ẹni tó bá lè rà. Ẹ̀rí yìí ló lágbára jù lọ lójú tèmi: nígbà tí owó kúrò lẹ́yìn 504, irin rẹ̀ kò gbà á.

Inú àlàfo yẹn ni tokunbọ̀ ti wọlé. Golf ló kọ́kọ́ gbajúmọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ kúkúrú tí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn wọn ń ṣí sókè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Starlet àti Micra tẹ̀ lé e. Ìbàdàn ni Micra ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ bí takisí, tó fi di pé a kò lè dárúkọ ìgboro Ìbàdàn láìdárúkọ rẹ̀, kó tó tàn ká ilẹ̀ Yorùbá. Ní ti Èkìtì, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1996 ló pa ipò dà. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, Adó di olú-ìlú rẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba dé, àwọn èèyàn tẹ̀ lé wọn, ìlú sì bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ sí ọ̀nà Ìwòròkó, ọ̀nà Ìjàn, ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́. Ìrìn àjò tó ṣe pàtàkì jù lọ yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Láyé Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìrìn tó jinlẹ̀ lọ́kàn ará Adó ni ti Àkúrẹ́ àti ti Èkó. Lónìí, ìrìn tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan lóòjọ́ ni láti Ọjà Ọba sí yunifásítì, láti Ìjìgbò sí Pólì ní ọ̀nà Ìjàn, láti Adó sí Ìyìn tí kò ju kílómítà díẹ̀ lọ. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kò bá ọkọ̀ gígùn lára mu. Dúró gbé èrò, dúró sọ èrò kalẹ̀, yí po níbi tí ọ̀nà kò fẹ̀: ọkọ̀ mítà 3.7 ni èyí ń bá ṣe. Ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń ṣí sókè náà níṣẹ́ tirẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ àga ẹ̀yìn lulẹ̀, ìyá tó ń ta iṣu lè kó ọjà láti oko wá sí Ọjà Ọba nínú ọkọ̀ ara rẹ̀, kó tún fi ọkọ̀ kan náà kó ọmọ lọ sílé ìwé lọ́jọ́ kejì. Láyé 504, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ọkọ̀ ajagbé ni ìyá yẹn ń gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹni tí ìjọba ń yá lówó ọkọ̀. Obìnrin tó ń ṣòwò, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, olùkọ́ ilé ìwé aládàáni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan: àwọn wọ̀nyí ni Micra sọ di ẹni tó lọ́kọ̀ tàbí ẹni tó rọ́kọ̀ wọ̀. Ìtàn tí a ń sọ nípa ọkọ̀ ní Èkìtì kì í sábà kà wọ́n mọ́ra.

Ẹnìkan lè ní, ó dáa, ṣùgbọ́n ọ̀nà wa kò gba ọkọ̀ kékeré. Ẹ wo ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́, tí àwọn èèyàn ti sunkún lé lórí tó fi sú wọn, ẹ wo sọ́ọ̀kì Micra tó ń kú lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Òótọ́ ni pé Micra kò ga nílẹ̀, kòtò sì máa ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Àmọ́ ẹni tó fi èyí dá Micra lẹ́bi ti gbàgbé pé fífúyẹ́ jẹ́ agbára lórí òkè. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń fa kílógíráàmù 800 kò ṣiṣẹ́ ju ẹ́ńjìnnì ńlá tó ń ti kílógíráàmù 1,200 lọ. Tí taya kan bá sì bọ́ sí ẹrọ̀fọ̀ lójò, àwọn géńdé méjì a ti Micra jáde; 504 á fẹ́ gbogbo àdúgbò. Ní ti sọ́ọ̀kì, ohun tó ń kú lóṣù mẹ́ta náà ni wọ́n ń rà lówó tí awakọ̀ lè rí láti ibi iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀. Bí ọ̀nà bá burú, ọ̀nà ni ká tún ṣe. Kò bójú mu ká máa yan ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti gbà pé kòtò ni ìpín òun títí ayé.

Àtakò tó wúwo ju ìyẹn lọ ni ti ẹ̀mí èèyàn. Wọ́n á ní 504 nípọn, pé bí ó bá forí gbárí pẹ̀lú ohunkóhun, ẹni inú rẹ̀ ń yè é, nígbà tí Micra ń fi èrò méjì jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, níbi tí wọ́n ṣe fún ẹnì kan ṣoṣo. N kò ní gbè sẹ́yìn àṣà èrò méjì síwájú yìí. Ó burú, ó sì ń pa èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí ìgbà wágónù dáadáa. Èèyàn mẹ́sàn-án nínú ọkọ̀ ẹni méje, ẹrù gègèrè lórí, awakọ̀ tó ń du láti dé Èkó kó tún padà lọ́jọ́ kan náà, òun náà pa èèyàn lọ jàra. Ìgbà náà ló jẹ́ pé ojú pópó di ibi ẹkún débi tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fi dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, tí ìjọba àpapọ̀ sì dá ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1988 tí wọ́n fi Wọlé Ṣóyínká ṣe alága àkọ́kọ́ rẹ̀. Inú ayé tí 504 jẹ́ ọba ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, kì í ṣe inú ayé Micra. Àpọ̀jù èrò àti eré àsápajúdé kò ní orúkọ ọkọ̀ kankan lára.

Ibi tí mo ti fẹ́ gba àtakò wọlé tọwọ́tẹsẹ̀ ni ti iṣẹ́ ọwọ́. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan tí Micra dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ọkọ̀ 504 gba àwọn òṣìṣẹ́ sí Kaduna, ó sì kọ́ àwọn mẹkáníìkì títí dé ìgbèríko Èkìtì ní ohun tí wọ́n lè fi ọwọ́ mú. Micra ní kọ̀ǹpútà tó ń darí bí epo ṣe ń wọ ẹ́ńjìnnì; nígbà tó bá ṣàìsàn, ohùn rẹ̀ kò sọ nǹkan kan fún ọ̀gá tó gbọ́n ní 1980, ó di kí wọ́n wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti kọ́ iṣẹ́ yìí, wọ́n sì mọ̀ ọ́n, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ni àtúnṣe túmọ̀ sí pé kí wọ́n yọ ẹ̀yà kan tó ti gbó, kí wọ́n fi òmíràn tí kò gbó tó o rọ́pò. A ti pàdánù nǹkan níbí. Ètò ọkọ̀ tí ìjọba Jonathan ṣe ní 2013, èyí tó sọ owó ibodè àti àfikún rẹ̀ lórí ọkọ̀ tuntun láti òkè òkun di ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ padà sílé. Ohun tó ṣe fún ará Adó ni pé ọkọ̀ tuntun jìnnà sí i ju ti àná lọ. Kò tẹ̀ lé e pé 504 ló yẹ ká máa ṣọ̀fọ̀. Ohun tó kú ni ètò tó so ilé-iṣẹ́, owó àyálò àti ilé mẹkáníìkì pọ̀ mọ́ra, ètò náà ìbá sì gbé Micra gan-an dé ipò tó gbé 504 dé bó bá jẹ́ pé ó wà láàyè nígbà tí Micra dé.

Ọ̀rọ̀ epo ló kù. Ní 1978, nígbà tí ìjọba Ọbásanjọ́ fi owó lé epo bẹntiróòlù, kọ́bọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti díẹ̀ ni lítà kan di; ní 1982, ó di ogún kọ́bọ̀. Ẹni tó ń gun 504 nígbà náà kò ka epo sí ohun tí à ń rò kí á tó jáde nílé. Lítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń mu ní ọgọ́rùn-ún kílómítà, ìyẹn kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti lọ kí ẹbí ní Ìfàkì kó padà lálẹ́. Oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ lórí epo ti lọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà kan fò láti ìsàlẹ̀ igba náírà kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, nígbà tí ọdún tó tẹ̀ lé e fi máa parí, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Micra tó ń mu nǹkan bíi lítà mẹ́fà ní ọ̀nà kan náà ló jẹ́ kí owó ọkọ̀ láti Adó sí Ìyìn má di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kò lè san rárá. Ká ní 504 ni gbogbo takisí Èkìtì lọ́dún yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń yìn ín ni ìbá ti máa fi ẹsẹ̀ rìn.

Epo náà ló tún lè yí ìdájọ́ mi padà lọ́jọ́ iwájú. Láti 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń rọ àwọn onímọ́tò láti yí ọkọ̀ wọn sí gáàsì CNG, èyí tí owó rẹ̀ kéré sí ti bẹntiróòlù. Sílíńdà tó ń gba gáàsì náà wúwo, ó sì tóbi, inú búùtù ni wọ́n ń gbé e sí. Ní Micra, ibi tí wọ́n máa gbé e sí yẹn ni àpò gààrí akẹ́kọ̀ọ́ ń jókòó, ibẹ̀ náà ni iṣu ìyá olọ́jà ń gbà wọlé. Bí sílíńdà bá wọ ibẹ̀, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ń ṣí sókè náà kò ní iṣẹ́ púpọ̀ mọ́. Ìrù gígùn wágónù 504 ì bá gba sílíńdà, kó gba ẹrù, kó sì tún gba èrò. Ṣùgbọ́n wágónù tó ṣì ń kó èrò kò pọ̀ mọ́ ní gáréèjì Adó, èyí tó sì kù láàyè, oko ni wọ́n ti ń fi kó igi ìdáná bọ̀.